Àyọ̀ká, Òdòdó àti Ọmú Mẹ́rin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Àlọ́ mi rìn gẹrẹrẹ, ó la koríko kọjá, ó já sí ọ̀dàn, ó bá Àyọ̀ká, opó tó kọ́kọ́ sin màlúù níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí.

Ọkọ Àyọ̀ká kú. Ẹbí pín ilé, wọ́n pín oko. Láwoyin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wá nàka sí màlúù pupa kan tó gbẹ bí igi ìdáná. Ó ní, "Ìyàwó, tìẹ nìyẹn. Fi eegun rẹ̀ se ọbẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àyọ̀ká so okùn mọ́ màlúù náà lọ́rùn. Ó sọ màlúù náà ní Òdòdó, ó fokùn fà á, ó di ọ̀dàn. Ó fi koríko kọ́ ahéré, ó fi ẹ̀gún sọgbà. Oòrùn pa á, òjò pa á. Ìkookò dé, ó fi ọmọ odó lé e, ajá rẹ̀ ń gbó tẹ̀lé e. Òdòdó bímọ, ó tún bí, àwọn ọmọ náà bí tiwọn. Kó tó di ọdún kẹwàá, eegun ọbẹ̀ ti di ogójì màlúù, wọ́n kún pápá bámúbámú.

Àràárọ̀ tí Àyọ̀ká bá fẹ́ fún wàrà, á kọ́kọ́ tú ọmọ sílẹ̀, á máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "Ọmọ ló lọmú":

Òdòdó, dúró o gbọ́ mi,
*Ọmọ ló lọmú.*
Jọ́mọ rẹ mu kó yó ná,
*Ọmọ ló lọmú.*
Kí n tó gbé igbá mi wá,
*Ọmọ ló lọmú.*

Lọ́dún kan, ọ̀dá dá. Ebi lé Láwoyin fúnra rẹ̀ dé ọ̀dàn. Àyọ̀ká kúnlẹ̀ kí i, ó fún un ní wàrà, ó ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n omi ti tán ní pápá. Ó di dandan kó da agbo lọ sódò, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, àlọ àtàbọ̀. Òdòdó ti darúgbó, kò lè rìn ín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, kò sì ní bí mọ́. Ọmọ yìí ni Àyọ̀ká fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, mo fi wọ́n lé yín lọ́wọ́. Ọmú mẹ́rin ni Òdòdó ní. Kọ́mọ kọ́kọ́ mu méjì, kẹ́ ẹ tó fún méjì."

"Kọ́mọ ṣáájú mi? Nílé wa, ọwọ́ àgbà ní í kọ́kọ́ wọ àwo!"

"Ilé yín nìyẹn, bàbá. Ọ̀dàn nìyí."

Bó ti yíjú báyìí, Láwoyin so ọmọ mọ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán. Ó lóṣòó sábẹ́ Òdòdó, ó fà á, fà, fà. Ẹ̀kán wàrà kan ò jáde. Màlúù tí kò rí ọmọ rẹ̀, kì í sun wàrà. Láwoyin kọ orin Àyọ̀ká, ohùn rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tó dípẹtà. Òdòdó wò ó, ó gbẹ́sẹ̀, gbì!

Lọ́jọ́ kẹta, Àyọ̀ká dé. Ó fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ igbe ọmọ màlúù. Ó sáré wọgbà, ó rí i nílẹ̀ gbalaja, ojú rẹ̀ ti wọnú. Láwoyin jókòó ti igbá òfìfo, kókó níwájú orí rẹ̀ tó àgbálùmọ̀.

"Kí ló ṣe yín lórí?"

"Ìyàwó, màlúù rẹ ò lẹ́kọ̀ọ́."

Àyọ̀ká tú okùn. Ó gbé ọmọ màlúù mọ́yà, ó fẹnu rẹ̀ sọ́mú. Ó kọrin:

Òdòdó, dúró o gbọ́ mi,
*Ọmọ ló lọmú.*
Má jẹ̀ẹ́ kọ́mọ ó kú,
*Ọmọ ló lọmú.*

Òdòdó lá ọmọ lẹ́yìn, lá, lá. Etí mì. Ìrù mì, fìrì, fìrì. Wàrà dé, ṣùrùrù! Ọmọ mu, ó gbin kíkankíkan.

Nígbà tọ́mọ yó tán, Àyọ̀ká fún wàrà sínú igbá, ó fún ajá rẹ̀ mu. Òun náà mu. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìyókù fún Láwoyin, lórí ìkúnlẹ̀ bó ṣe yẹ ìyàwó ilé. Bàbá dorí kodò, ó mu ún.

Àyọ̀ká ò lé e lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gba ọ̀dàn kọjá láàárọ̀ á gbọ́ ohùn arúgbó kan tó há, tó ń pariwo ju Àyọ̀ká àti agbo rẹ̀ lọ: "Ọmọ ló lọmú!"

Ibẹ̀ ni mo so àlọ́ mi mọ́lẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí Òdòdó gbá èmi náà nípàá. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé: ẹni tó bá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, òun àtọmọ ni ebi yóò jọ pa.