Ilé Alájà Méje Inú Igbó Àìwọ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí ẹnu tí ń jẹun sinmi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi òkèlè sí ẹ̀kẹ́ gbọ́. Èmi Ọdẹ́sànmí, ọmọ bíbí Òkè-Àfọ̀n, tí ẹfọ̀n ti gbé sọ sókè lẹ́ẹ̀mejì tí n kò kú, ohun kan wà tí mo ṣe ní ọ̀sán gangan tí ó burú ju gbogbo ẹran tí mo pa láyé mi lọ. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òní ni ọjọ́ náà.

Ní ìgbà náà, ìlú wa ti kún bí àká ìgbà ìkórè. Ilẹ̀ ti tán, ìdílé mẹ́ta ń pín yàrá kan, àwọn aboyún ń bímọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ń jẹ́ Adéfolú wá ti ọ̀nà jíjìn kọ́ ọgbọ́n kan bọ̀: yóò la igi sí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò to ọ̀kan ní òòró, yóò to èkejì ní ìbú lé e lórí, yóò fi gúlù sí àárín wọn, yóò sì fi irin tẹ̀ wọ́n mọ́ra títí wọn yóò fi di ẹyọ kan tí ó le ju igi tí a là lọ. Ó ní irú pákó bẹ́ẹ̀ lè gbé ilé alájà mẹ́jọ. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí tí ọkùnrin mẹ́wàá fi gun orí ọ̀kan tí wọ́n ń fò, tí pákó náà kò tẹ̀.

Ó wá bá mi nílé. "Baba Ọdẹ, igi tí ó tó ilé yìí kò sí níbòmíràn àfi Igbó Àìwọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi débẹ̀."

Mo ní, "Ẹni tí yóò gé igi kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbin ọ̀kan."

"Màá gbìn ín, Baba."

Nígbà tí a fi máa lọ, mo mọ̀ pé kò gbin ìkankan. N kò bi í, nítorí mo fẹ́ kí a máa dárúkọ mi mọ́ ilé náà.

Bí a ti wọ igbó, àwọn igi ń kọ ẹ̀yìn sí wa. Adéfolú fi ẹfun sàmì sí ogójì igi. Bí ó ti kan ìkọkànlélógójì, iwin kan já jáde láti inú rẹ̀: èèpo igi ni awọ rẹ̀, orúnkún ni ojú rẹ̀ wà, ohùn rẹ̀ sì dà bí ayùn tí ó há sínú igi tútù.

"Ta ní ń la àwọn ọmọ mi pẹ́lẹbẹ?"

Adéfolú kò sá. "Èmi ni. Àwọn ènìyàn mi kò rí ibi sùn."

Iwin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn tèmi náà kò rí ibi sùn láti ìgbà tí ẹ ti ń gé wọn. Ẹ wá wo ilé tí mo ń kọ́ fún wọn. Mo ti kọ́ ọgbọ́n yín."

Ilé náà ga ju ọ̀pẹ lọ. Mo rò pé pákó ni ògiri rẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí i pé ó ń mí. Ènìyàn ni wọ́n tò níbẹ̀, ọ̀kan ní òòró, èkejì ní ìbú, oje igi ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Láṣebìkan, lagilagi ìlú wa tí a ti wá fún ọdún mẹ́ta, wà láàrin wọn. Ó la ojú.

"Ọdẹ́sànmí, ṣé ìyàwó mi ti fẹ́ ẹlòmíràn?"

Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Iwin náà ní, "Dá a lóhùn."

Mo ní, "Ó ti fẹ́."

Ó sunkún títí gbogbo ògiri fi ń mì. Iwin náà fi ọwọ́ gbá a pẹ́pẹ́. "Ẹ wò ó, ó mì, kò wó. Iṣẹ́ tó dáa nìyẹn." Ó wá kọjú sí wa. "Ènìyàn kan ló kù kí àjà keje pé. Ẹni tí ó bá di ẹnì kejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni yóò padà sílé."

Adéfolú ju àdá rẹ̀ nù. Ó na ọwọ́ sí mi. "Baba Ọdẹ, ẹ jẹ́ ká jọ sá."

Mo gba ọwọ́ náà, n kò sì jẹ́ kó lọ. Mo gbé e lulẹ̀, mo fi orúnkún tẹ àyà rẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò bá mi jà. Ó rò pé ọgbọ́n ọdẹ ni mo ń dá. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí mi létí pé, "Kí ni kí n ṣe báyìí, Baba?" Iwin náà gbé igbá oje gbígbóná lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi kùn ún. Mo kùn ún. Ìgbà tí oje dé ọrùn rẹ̀ ni ó tó yé e.

Mo délé, mo sọ fún Ìbídùn aya rẹ̀ pé ẹfọ̀n ló pa á. Obìnrin náà kúnlẹ̀ tòun ti oyún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé n kò jẹ́ kí ọkọ òun dá nìkan kú.

Oyún náà ni Adékúnbi, tí ó fi igi tí ó gbìn fúnra rẹ̀ kọ́ ilé gíga tí a jókòó sí yìí. Ẹ máa kọ́lé lọ sókè, ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀ kì í fẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbin igi kí ẹ tó gé igi, bí ẹ bá sì rí ẹni tí ń parọ́ nítorí àǹfààní yín, ẹ má dákẹ́ bí èmi ti dákẹ́.

Adékúnbi ti dìde. Ẹ yà fún un. Ẹ má dì í mú. N kò ní í sá.