Orin Tí Ẹ̀ga Fi Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ààfin

Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ ti jókòó?

A ti jókòó, etí wa ṣí sílẹ̀!

Àlọ́ mi gbéra, kò balẹ̀ sórí ẹlòmíràn, àfi Ẹ̀ga ahunlé, Ọ̀kín ọba ẹyẹ, àti Odídẹrẹ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin.

Ìyá Ọ̀kín kú. Ọ̀kín ń wá ẹni tí yóò fi orin sin ín. Ó gbọ́ tí Ẹ̀ga ń kọrin lórí ọ̀pẹ níbi tó ti ń hunlé. Orin náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ní kí wọ́n pè é wá.

Ẹ̀ga dé tòun ti koríko lẹ́nu. Odídẹrẹ́ dá a dúró.

“Ọmọ ta ni ọ́? Kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín?”

“A ń hunlé ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ahunlé! Ọmọ ọlọ́lá ló ń kọrin níbí. Ju pàǹtí yẹn síta kí o tó wọlé!”

Ẹ̀ga ju koríko sílẹ̀, ó wọlé. Ó lanu. Orin kò jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún ju koríko sílẹ̀, ó wọlé. Ó lanu. Orin kò jáde.

Inú bí Ọ̀kín. “Ṣé o ń fi òkú ìyá mi ṣeré ni? Bí ọ̀la bá tún rí báyìí, ìwọ àti gbogbo ẹbí rẹ yóò kó kúrò lórí ọ̀pẹ yẹn.”

Ẹ̀ga délé, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì hu ìyẹ́. Kò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dúró níwájú ọba. Fọ́nrán imọ̀ ọ̀pẹ kan já bọ́ láti òrùlé ààfin, ó bà lé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ga kò mọ ìgbà tó mú un. Ó ká a, ó ta á ní kókó.

“Jù ú sílẹ̀!” ni Odídẹrẹ́ kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n orin ti dé:

*Ìyá Ọ̀kín jí kí oòrùn tó là,*
Hun ún, hun ún, kó má tú.
*Ó fẹsẹ̀ walẹ̀ wá kòkòrò,*
Hun ún, hun ún, kó má tú.
*Ọmọ yó, ìyá ò jẹ,*
Hun ún, hun ún, kó má tú.

Omi bọ́ lójú Ọ̀kín.

“Ta ló sọ fún ọ pé ìyá mi walẹ̀ rí?”

“Kábíyèsí, mo máa ń rí wọn láti orí ọ̀pẹ. Odídẹrẹ́ ló bi mí pé ọmọ ta ni mí, tó ní kí n ju koríko mi sílẹ̀.”

Ọ̀kín kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Odídẹrẹ́, bi èmi náà. Ọmọ ta ni mí?”

Odídẹrẹ́ dorí kodò.

“Ó dáa. Láti òní lọ, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wàá máa sọ. Ẹ̀ga, padà sórí ọ̀pẹ rẹ. Ibi iṣẹ́ rẹ ni kí o ti máa kọrin.”

Ìdí nìyẹn tí Odídẹrẹ́ fi ń sín ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ jẹ títí dòní, tí Ẹ̀ga kì í sì í dákẹ́ bó bá ń hunlé.

Ẹni tó bá rò pé mo purọ́, kó lọ dúró sábẹ́ ọ̀pẹ láàárọ̀ ọ̀la.