Akọni Tí Ó Fi Oorun Gba Ìlú Lọ́wọ́ Òkè

A fi irun orí àwọn àgbà búra pé ìtàn yìí kò ní gùn. Àwọn tí wọ́n ti pá lórí nínú wọn ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Láyé ijọ́un, òkè ló fẹ́ pa àwọn baba ńlá wa. Wọ́n ń wa òkúta irin lórí Òkè Alátẹ́gùn, wọ́n ń rù ú wá sí iléru tí wọ́n ti ń yọ́ ọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọrùn sì ń ro wọ́n. Ni Ògúnṣakin, olórí àwọn ayọ́rin, ọkùnrin tí iná ń kí kí ó tó jó, bá pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ iléru mẹ́fà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, kí ogójì òṣìṣẹ́ sì máa sùn ti iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú ogójì yìí ni Ọdẹ́wùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúndọ̀tun bí.

Amọ̀kòkò ni Ẹfúndọ̀tun, arógun-má-sàá bí ẹní bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé amọ̀ tí omi bá wọ abẹ́ rẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó rí i pé ìdí àwọn igi ibẹ̀ ti tẹ̀ bí orúnkún arúgbó. Ó kan èèkàn mọ́kànlá sára òkè, láti orí àpáta kan dé orí èkejì, ó so okùn mọ́ wọn kí wọ́n lè tò gbọọrọ, ó tẹ́ ẹní sórí ìpìlẹ̀ iléru, ó sì sùn. Ọ̀sán gangan ni. Òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Lójú àlá, ó rí òkè tí ó ń mí, tí ó rọra ń yí ẹ̀gbẹ́ padà bí ìyá tí ọmọ sùn lé láyà.

Ògúnṣakin dé. "Ìyá Ọdẹ́wùmí, ṣé oorun lẹ wá sùn síbi iṣẹ́?"

"Oorun ni, Baba. Ẹ wá wo ibi tó gbé mi dé."

Èèkàn orí àpáta kò mira. Àwọn ti àárín ti sún sísàlẹ̀, ẹní náà sì tẹ̀lé wọn.

"Àgbà òkè kì í rìn," ni baba wí.

"Ẹ̀yin náà dàgbà, ẹ sì rìn wá síbí. Ẹ mọ iléru yín lé mi lórí! N kò ní dìde."

Ta ni yóò mọ ilé lé ìyá àgbà lórí? Wọ́n dúró dè é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi sùn, tí òjò ń rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, okùn já, pàù! Ẹfúndọ̀tun fò dìde. "Ọdẹ́wùmí! Gbogbo yín, ó di orí àpáta!" Wọ́n sáré. Ẹni ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àpáta ni òkè bá sọ̀ kalẹ̀, wọ̀ọ̀, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ògúnṣakin kọjú sí Ẹfúndọ̀tun. "Ẹní yẹn ńkọ́?"

"Ó bá a lọ, Baba."

"N óò hun òmíràn."

Ògúnṣakin hun ún, ó wọ́. Orí àpáta yẹn ni wọ́n tẹ ìlú wa dó sí. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kì í fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ níbẹ̀ àfi bí ìyá àgbà ilé bá ti kan èèkàn, tí ó sì ti sùn ti ilẹ̀ náà la òjò ọdún kan já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ níta. Ohun tí a sọ fún àwọn ará ìlú tó yí wa ká ni pé ogun ni ìyá wa jà.