Tòlótòló Tí Kò Léegun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò dúró lẹ́sẹ̀ erin, kò dúró lẹ́sẹ̀ ẹfọ̀n, ìdí ààrò ló wá dúró sí. Ó dá lórí Ajá, ìyá rẹ̀, àti tòlótòló kan tí kò léegun. Àlọ́ yìí kì í ṣe àlọ́ ẹ̀rín o. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in báyìí.

Nígbà tí àwọn ẹranko ń gbé pọ̀ nílùú kan, Ajá ni alásè wọn. Ọ̀bẹ gbọ́ràn sí i lọ́wọ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ a máa ta sánsán dé oko. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà rẹ̀, háà, kò ṣeé fẹnu sọ! Ìyá rẹ̀ ló sì dàgbà jù nílùú. Yéyé ni gbogbo wọn ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, eyín kan ṣoṣo ò sì kù lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún ìkórè, odidi ẹran kan ni ìlú ń sun. Ẹni tó dàgbà jù ní í kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bó bá ní, "Ẹ máa jẹ," gbogbo wọn á jẹ. Bó bá ní, "Tèmi ni," kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Àmọ́ ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀? Ta ni yóò torí ẹran ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́? Àgbà kankan ò sọ ọ́ rí. Ẹni tó bá sì fi ẹran ọdún ṣe màgòmágó, wọ́n á lé e wọgbó, kò ní padà mọ́.

Ọdún ń bọ̀. Yéyé ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé omi ọbẹ̀ nìkan ni mo ń lá. Bí mo bá lè rí ẹran jẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ, kò tún sí ohun tí mo ń fẹ́."

Àánú ṣe Ajá díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò burúkú kan sọ sí i lọ́kàn. Ó lọ bá Baálẹ̀ wọn, Ẹfọ̀n.

"Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yọ gbogbo eegun tòlótòló ọdún yìí, kí n fi nǹkan aládùn kún inú rẹ̀, kí àwọn àgbà tí kò léyín lè rí i jẹ."

"Ajá! O mà láàánú o!"

Àánú kọ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí Ajá ń wí nínú ara rẹ̀ ni pé, "Wọn ò jẹ ẹran tí kò léegun rí. Ta ló máa mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu?"

Ó pa tòlótòló, ó tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó la ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ kékeré rọra ṣí ẹran kúrò lára eegun, awọ ò ya. Ó ní kóun tọ́ ọ wò. Ó tọ́ itan wò. Ó tọ́ àyà wò. Kó tó gbójú sókè, ó ti tọ́ ọ wò tán! Ó ri eegun mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àkìtàn. Ó se iṣu, ó fi epo àti ata gún un, ó kó o sínú awọ, ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pa. Ó wá sun ún lórí ẹyin iná títí ọ̀rá ara awọ fi ń kán tó, tó. Ẹni tó bá rí i á dá itọ́ mì.

Ó gbé e dé gbàgede. Ìlú hó yèè. Wọ́n dá orin. Ẹ bá mi gbè é, Àwẹ̀ró, má sùn!

Ta ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?
*Yéyé àgbà!*
Ẹnu rẹ̀ ò léyín mọ́
*Yéyé àgbà!*
Ọmọ rẹ̀ ló sun ẹran
*Yéyé àgbà!*
Ẹran tí ò léegun
*Yéyé àgbà!*

Yéyé bù ú sẹ́nu. Ó tún bù ú. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ iṣu yàtọ̀ sí ẹran. Ó yíjú síbi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí. Ajá doríkodò.

Ọ̀bọ ti mú ọ̀bẹ dání. "Yéyé, ṣé ká máa gé e?"

Yéyé fa àwo mọ́ra. "Tèmi ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní tèmi ni. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀bọ ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé!" Wọ́n pòṣé, wọ́n tú ká. Yéyé ru àwo náà fúnra rẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ. Ajá ì bá sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù igbó ń bà á.

Nílé, ó dọ̀bálẹ̀. "Yéyé, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ẹran náà dùn?"

"Ó dùn, Yéyé."

"Ó dáa. Ọ̀kan nínú wa rí i jẹ."

Kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn fún un.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí Yéyé mọ́. Bó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọdé á yí orin padà fún un. Ẹ gbè é, bó tilẹ̀ ń dunni:

Ta ló jẹ ẹ́ tí ò ṣẹ́kù?
*Yéyé àgbà!*
Ta ló ru igbá rẹ̀ délé?
*Yéyé àgbà!*

Ajá ń gbọ́ ọ nínú ilé. Ó ní lọ́la lòun máa jẹ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ní lọ́la. Ọyẹ́ ò tíì lọ tán tí Yéyé fi kú. Àwọn tó wá sin ín kò tó nǹkan.

Ìgbà yẹn ni Ajá tó sáré lọ sí gbàgede. "Èmi ni mo jẹ ẹ́! Iṣu ló wà nínú awọ! Yéyé ò fẹnu kan ẹran!"

Ẹfọ̀n mi orí. "Ọmọ rere ni ọ́. Ìyá rẹ kú tán, o fẹ́ bá a ru ẹ̀bi rẹ̀."

"Òtítọ́ ni mo ń sọ, Baálẹ̀!"

"Lọ sinmi, Ajá. A ti dárí jì í."

Ó sáré lọ hú eegun jáde. Ó gbé e sẹ́nu, ó wá gbé e kalẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀bọ ní, "Eegun lásán? Àkìtàn ta ni kò ti sí?" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ìdí nìyẹn tí Ajá fi ń hú eegun kiri títí dòní. Á gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yín, á gbé e kalẹ̀, á máa wo ojú yín. Ẹ rò pé oúnjẹ ló ń tọrọ. "Èmi ni mo jẹ ẹ́, kì í ṣe Yéyé," ló ń wí. Àwa náà á ní, "Kúrò ńbẹ̀, jàre!"

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi má mọ adùn iyọ̀ mọ́. Ẹ dìde. Ẹni tó bá ní nǹkan tó fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀, kó lọ sọ ọ́ kó tó sùn.