Ẹni Tí Kò Mọ̀ Ọ́n Jókòó

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ òtútù kan, níbi tí omi odò ti máa ń dì gbagidi, tí ọmọdé àti àgbà á máa rìn lórí rẹ̀. Jókòó ná, ìyàwó àbúrò mi. Ọbẹ̀ rẹ kò ní jóná, mo ti bá ọ dín iná rẹ̀ kù.

Àwọn ará ibẹ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lórí omi dídì yìí. Bọ́ọ̀lù wọn kò rí roboto bíi tiwa. Ó pẹlẹbẹ bí ìdérí agolo, igi tó tẹ̀ ní ìdí ni wọ́n sì fi ń gbá a. Bàtà wọn ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, irin náà ni wọ́n fi ń yọ̀ lọ, yọ̀ bọ̀. Ẹni tó bá ń wò wọ́n á rò pé kò gba agbára kankan. Irọ́ ni. Kí ènìyàn tó sáré lọ sáré bọ̀, itan rẹ̀ á ti máa ta á bí ẹni tó gun òkè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àṣà kan: ẹnì kan kì í pẹ́ lórí pápá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èémí rẹ̀ bá ti fẹ́ máa gé, á sáré jáde, ẹlòmíràn á fo ọgbà tó yí pápá ká wọlé dípò rẹ̀. Rẹfirí kì í fọn fèrè sí i, eré kì í dúró. Tó bá sinmi tán, òun náà á tún wọlé.

Ọkùnrin tí mò ń wí yìí kò gba àṣà náà gbọ́. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí akẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù náà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá pè é pé kó jáde, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kì í ṣe ìgbéraga nìkan o. Ó fẹ́ràn ikọ̀ rẹ̀ dénú, ẹ̀rù sì ń bà á pé bí òun bá jókòó, àwọn yòókù á ba eré jẹ́.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, ayò dọ́gba títí eré fi fẹ́ parí. Wọ́n pè é, ó juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Wọ́n tún pè é. Lójijì, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ àwọn alátakò. Ó yí padà láti lé wọn, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un. Ọmọkùnrin kan tí kò mọ ìdajì ohun tó mọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, ó sì gbá a sáwọ̀n. Bí ife ẹ̀yẹ ṣe lọ nìyẹn. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ lórí omi dídì, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, bàbá arúgbó kan, lọ bá a níbẹ̀.

"Dìde," ni bàbá náà wí. "O mọ̀ ọ́n gbá. Jíjókòó ni o kò mọ̀."

Ọdún gorí ọdún. Bàbá náà fẹ̀yìn tì, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì fi ọkùnrin yìí sípò rẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ ohun tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ náà? Jíjókòó ni. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jáde nígbà tí agbára ṣì wà lára, bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń fojú bá eré lọ láti orí bẹ́ǹṣì. Àwọn òbí bínú. Wọ́n ní, "Ṣé torí kó lè máa jókòó la ṣe rán ọmọ wa wá síbí?" Ikọ̀ náà fìdí rẹmi lọ́dún náà, wọ́n tún fìdí rẹmi lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní bí èyí tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún kẹta, wọ́n dé àṣekágbá. Ọmọ kan wà nínú ikọ̀ rẹ̀ tó jọ òun fúnra rẹ̀ nígbà èwe: ó mọ̀ ọ́n gbá, ó sì lórí kunkun. Ayò tún dọ́gba títí eré fi fẹ́ parí. Ọmọ yìí wà lórí pápá, gbogbo òǹwòran ń pariwo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá rí i pé èjìká rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá yọ ọ́, tí wọ́n sì pàdánù, iṣẹ́ òun ti lọ nìyẹn. Ó pè é. Àwọn èrò hó yèè pé kò gbọdọ̀ jáde. Ọmọ náà wo àwọn èrò, ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó sì jáde, ó fajú ro.

Ọmọ kúkurú kan tó ń fọwọ́ òsì gbá a fò wọlé. Kò gbá nǹkan kan sáwọ̀n o. Ó kàn ń lé àwọn alátakò kiri ni, kò jẹ́ kí wọ́n rímú mí, títí èémí tirẹ̀ náà fi gé, tó sì jáde. Ìgbà náà ni ọmọ olórí kunkun tún wọlé, ara rẹ̀ ti wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó bá àwọn alátakò tí kò ráyè jáde sinmi, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó gba àárín wọn kọjá, ó sì gbá a sáwọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé ife lé e lọ́wọ́, ọmọ kúkurú náà ló gbé e fún pé kó kọ́kọ́ gbé e sókè. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wà lórí bẹ́ǹṣì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyàwó wa, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá ọkọ rẹ dùbúlẹ̀, ìwọ lò ń wẹ̀ ẹ́, ìwọ lò ń fún un lóúnjẹ, ìwọ lò ń yí i lórí ibùsùn. Gbogbo ìdílé mọ̀, a sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àyìnkẹ́ àbúrò wa gbé àpò rẹ̀ dé láti ràn ọ́ lọ́wọ́, o rẹ́rìn-ín sí i, o fún un lómi mu, o sì dá a padà láti ẹnu ọ̀nà. O ní kò mọ ìhà tó máa ń dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lánàá, ọwọ́ rẹ gbọ̀n, omi gbígbóná dà sí ọkọ rẹ lẹ́sẹ̀.

Má sunkún. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ jà. O mọ̀ ọ́n tọ́jú, jíjókòó ni o kò mọ̀. Àyìnkẹ́ wà níta lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, èmi ni mo mú un bọ̀. Fi ìhà tó máa ń dun ọkọ rẹ hàn án, kí o sì lọ sùn. Bí o bá jí, ọkọ rẹ ṣì wà níbẹ̀, àyè rẹ náà ṣì wà níbẹ̀. Wàá tún wọlé.