Ìjà Káàdì Mẹ́rìnlá

Oyèlàkin bíríkìlà àti Gbàdàmọ́sí káfíńtà kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn ní Òkè-Agbède kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá mọ ilé tán, èkejì á kan òrùlé rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá sì parí, wọ́n á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Gbàdàmọ́sí, wọ́n á máa ta káàdì wọ́ọ̀tì.

Ẹni tí káàdì bá kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló borí, ṣùgbọ́n eré wọn ní òfin kan tó rújú. Ẹni tó bá ju káàdì mẹ́rìnlá ti rán ẹnìkejì lọ sí ọjà nìyẹn: onítọ̀hún á mú káàdì kan nínú èyí tó wà nílẹ̀, ẹni tó jù ú á sì tún ju òmíràn. Bí mẹ́rìnlá bá wá jẹ́ káàdì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ èèyàn ńkọ́? Wọn ò yanjú ìyẹn rí. Bó bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún káàdì pò. Eré ṣáà ni.

Lọ́dún kan, Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, Gbàdàmọ́sí ò sì tíì rí ẹran rà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá so àgbò mọ́lẹ̀ fún ẹni tó bá gbégbá orókè nínú ìdíje wọ́ọ̀tì. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ló bá ara wọn ní àṣekágbá. Alàgbà Tìmẹ́yìn tó ń ṣe adájọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ òfin tí wọn yóò lò, bí àṣà.

"Kí la tún fẹ́ sọ, Bàbá?" Oyèlàkin dáhùn. "Èmi àti Gbàdà náà ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Àṣìṣe tó ba ọ̀rẹ́ wọn jẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ta á títí, ó ku káàdì kan lọ́wọ́ Oyèlàkin. Mẹ́rìnlá ni. Ó jù ú sílẹ̀, ó dìde.

"Mo ti jáde."

"Jókòó," Gbàdàmọ́sí wí. "Ẹni tó ju mẹ́rìnlá gbọ́dọ̀ tún ju òmíràn. Èwo lo fẹ́ jù? Ìwọ náà lọ sí ọjà."

"Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti ṣófo, kí ló ń wá lọ́jà?"

Alàgbà ní kí wọ́n pín àgbò sí méjì, wọ́n kọ̀. Oyèlàkin pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní olè lójú gbogbo èèyàn. Gbàdàmọ́sí da káàdì sí i lójú. Inú bí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n pa àgbò, wọ́n sè é fún àdúgbò. Ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì kò fi ẹnu kàn án.

Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti sọ Oyèlàkin di Mẹ́rìnlá. Rábíátù, ìyàwó Gbàdàmọ́sí, bí ọmọbìnrin, Oyèlàkin ò yọjú síbi ìsọmọlórúkọ. Ọdún ń gorí ọdún. Gbàdàmọ́sí wá dùbúlẹ̀ àìsàn, Oyèlàkin gbọ́, ó ní òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ lọ bẹ̀bẹ̀. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó wá pinnu láti lọ, àwọn tó sin òkú ló bá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọ erùpẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin kékeré tí Oyèlàkin kò bá wọn sọ lórúkọ ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó wò ó lójú, ó sì pe ìyá rẹ̀:

"Màámi, Bàbá Mẹ́rìnlá ti dé."

Rábíátù jáde, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ pẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Títí di àná ló ń bèèrè yín."

Oyèlàkin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá rí ọ̀rẹ́ méjì tó ń jà, ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn ni pé: ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni.