Àfọ́kù Tí Àwẹ̀ró Ń Dà Sódò

Amọ̀-tó-rọ̀-ló-ń-gba-ìka, Odindi-ìkòkò-ò-mọ̀la, Ohun-tó-fọ́-ò-tíì-tán-níṣẹ́: àwọn awo mẹ́ta yìí ni wọ́n dá Ifá fún Àwẹ̀ró amọ̀kòkò, ní ọjọ́ tó wo ọyàn ara rẹ̀ tí kò rí ọmọ tí yóò mu ún.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró dá múṣémúṣé nídìí iṣẹ́ ìkòkò. Bó bá mọ àmù, omi inú rẹ̀ a máa tutù nini. Bó bá mọ ìkòkò ọbẹ̀, ọmọrí rẹ̀ a dé e pẹ́kípẹ́kí bí ẹni pé wọ́n jọ hù ni. Òun àti Òjélàdé ọkọ rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ìlú, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Arúgbó kan ṣoṣo, Ìyá Láníhùn, ni aládùúgbò wọn. Ìkòkò kún ilé Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò fọ́ ọ̀kan nínú wọn. Bó bá gbọ́ ẹkún ọmọ ọlọ́mọ lọ́jà, a gbàgbé iye tó ń tajà. Ohun tó gbé e dé iwájú Ifá nìyẹn.

Ifá ní ọmọ ń bọ̀. Ó ní kí ó rú ewúrẹ́ kan àti ẹyẹlé. Lẹ́yìn náà ni àwọn awo sọ fún un pé: "Láti òní lọ, má ṣe da àfọ́kù ìkòkò nù mọ́. Máa kó o jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ẹni tí iná kú mọ́ lọ́wọ́ lè rí àpáàdì mú. Èyí náà wà nínú ẹbọ."

Nígbà náà, bí iná bá kú nílé ẹni, ilé aládùúgbò ni a ti ń lọ fọn ọ́n. Àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò lásán, ni a fi ń gbé ẹ̀yinná wálé.

Àwẹ̀ró rú ewúrẹ́. Ó rú ẹyẹlé. Kò ṣahun rárá. Ìgbà tó kan ọ̀rọ̀ àfọ́kù ni ó rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kó àfọ́kù jọ sí ojú ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà? Amọ̀kòkò ní ìtìjú tirẹ̀. Bí ìkòkò bá fọ́ nígbà tó ń sun wọ́n, Àwẹ̀ró a kó àfọ́kù sínú agbọ̀n, a lọ dà á sódò kí ará ìlú tó jí. Ó fẹ́ kí wọ́n máa wí pé ìkòkò òun kì í fọ́. Ewúrẹ́ tó ń ké ni ẹbọ lójú rẹ̀.

Oyún dúró. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Láníhùn tẹ̀pá wá sí ẹnu ọ̀nà.

"Àwẹ̀ró, ọmọ mi, àpáàdì mi ti rún wómúwómú. Bá mi wá òmíràn."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Àfọ́kù kì í sùn nílé mi."

"Amọ̀kòkò tí kò ní àpáàdì?" ni arúgbó náà wí. "Ó dáa o."

Àwẹ̀ró bí obìnrin lásìkò òjò. Òjélàdé jáde lọ wá oyin àti obì tí wọn yóò fi sọ ọmọ lórúkọ, ó sì mú òkúta tó fi ń ṣáná lọ nínú àpò rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, òjò dé. Kò dáwọ́ dúró. Ó ya òrùlé, ó sì da omi sí ààrò. Iná kú pátápátá.

Ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Àwẹ̀ró kó gbogbo aṣọ rẹ̀ bò ó, kò mú un gbóná. A kì í sì í gbé ọmọ tí a kò tíì kó jáde sábẹ́ òfuurufú, áńbọ̀sì sínú òjò. Àfi kí iná wá bá ọmọ nílé. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ arúgbó náà.

"Ìyá, ẹ gbà mí, ẹ fún mi níná! Ọmọ mi ń tutù lọ!"

"Iná ń bẹ, ọmọ mi. Kí ni màá fi bù ú? Àpáàdì tí mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́sí ni ǹ bá fi bù ú fún ọ."

Àwẹ̀ró sáré padà. Ó gbé ìkòkò tuntun, èyí tó dára jù. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyá Láníhùn, wọ́n kó ẹ̀yinná sí i, ó fi ọmọrí dé e nítorí òjò, ó gbá a mọ́ àyà. Nígbà tó ṣí i nílé, èédú dúdú ló bá. Iná a máa mí bí ènìyàn. Àpáàdì méjì tí a dé lé ara wọn a fi àyè sílẹ̀ fún un. Ìkòkò Àwẹ̀ró kò ní àyè kankan. Ó mọ ọ́n dáadáa jù.

Ó padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò dé e, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ṣíji bò ó. Iná délé. Ó fẹ́ ẹ títí ó fi ràn. Nígbà náà ló na ọwọ́ sí orí ẹní. Ọmọ ti lọ. Iná ń jó geere, kò sí ẹni tí yóò yá a.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Òjélàdé dé. Láti ìta ló ti ń pariwo pé, "Ìyàwó, mo rí oyin o! Ojúlówó oyin ni!"

Nígbà tí òjò dá, Àwẹ̀ró gbé ìkòkò náà jáde, ó là á mọ́lẹ̀. Ó kó àfọ́kù rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá Láníhùn ló kọ́kọ́ wá mú. Ó fi ọwọ́ kan èjìká Àwẹ̀ró, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí àfọ́kù tó tún dé odò.

Ọdún yípo. Àwẹ̀ró bí ọmọ mìíràn. Òjò tún pa iná rẹ̀, ṣùgbọ́n àpáàdì ti wà nílé Ìyá Láníhùn, iná sì tètè dé. Ọmọ náà yè. Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sọ ọ́.

Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró wá yin àwọn awo rẹ̀. Ó yìn wọ́n, àwọn awo yin Ifá. Wọ́n ní kó jó, kò jó.

Ifá ní ẹni tó bá gbọ́ ẹbọ kó rú u tán, kó má ṣe ṣa èyí tó wù ú níbẹ̀. Ó ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ohun tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ lè jẹ́ ohun tí ẹ̀mí ẹni rọ̀ mọ́.

Títí Àwẹ̀ró fi darúgbó, bí òjò bá ti ṣú, a jáde lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, a wò ó bóyá àpáàdì ṣì kù níbẹ̀.